Ilẹ̀ Mọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ìtọ̀ ló gbé mi jáde. N kò ní purọ́ fún yín.
Bí kì í bá ṣe ìtọ̀, ǹ bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀
pẹ̀lú gbogbo ará abúlé,
níbi tí àwọn sójà ta aṣọ funfun sára irin
tí wọ́n ń fi eré hàn wá:
ológbò ń lé eku, eku ń fi páànù lu ológbò.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Wọ́n ní ká ṣáà máa wo eré.

Kérésìmesì ni wọ́n ń pe erékùṣù wa.
Àgbọn la ń là níbẹ̀, tí a ń sá sóòrùn.
Lóru ọjọ́ náà wọ́n kó wa bí ẹrù,
wọ́n ka orí wa lọ, wọ́n ka orí wa bọ̀.
Nei Kaburoro ò gbà láti fi adìyẹ rẹ̀ sílẹ̀,
ó gbé e sábẹ́ aṣọ. Adìyẹ náà ò dún.
Wọn ò kà á.

Mo gun àkàbà. Òkun ń mí bí ẹni tó sùn.
Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ yọjú; erékùṣù wa ti jìnnà,
ó ti di ìlà kan tí ọmọ iléèwé fà tí kò tọ́.
Àwọn ọmọ ogun ojú omi jókòó ní ìlà ìlà,
wọ́n kẹ̀yìn sí ilé wa, wọ́n fọwọ́ dijú
bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú.
Ohùn kan ń kà nínú ẹ̀rọ:
mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin.
Èmi ti tú ṣòkòtò.

Ìmọ́lẹ̀ ò kan ilẹ̀kùn.
Mo dijú, ó wọlé. Mo fọwọ́ bò ó, ó wọlé.
Mo rí egungun ìka mi, pupa yí wọn ká,
mo kà wọ́n bí ẹni ń ka owó tí kì í ṣe tirẹ̀.
Kò sí ariwo. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí ariwo rárá.
Ìtọ̀ mi ń dún lára irin, òun nìkan ni mò ń gbọ́.
Ilẹ̀ tó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ gbàù,
ó tún ṣú padà,
kí òòrùn gidi tó yọ, bí ẹni ojú ń tì.

Nǹkan kan dìde lójú omi.
Àwọn ènìyàn ní olú ló jọ. Èmi ò mọ olú nígbà náà.
Lójú tèmi, igi àgbọn ni, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn,
tó dàgbà kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá,
tí kò sí ẹni tó lè gùn ún.
Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ tó dé,
bí àlejò tó ti rán ẹrù ṣáájú.
Ọkọ̀ gbọ̀n. Nísàlẹ̀, ẹ̀rín dá.
Ẹyẹ kan jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìyẹ́ rẹ̀ ń rú èéfín.
Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí mi.

Vilikesa, ọmọ Fíjì tó ń se oúnjẹ ọkọ̀, ló gbá mi mú.
Kò nà mí. Ó bù búrẹ́dì fún mi, ó fi jáàmù sí i,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, jáàmù kán sí mi lẹ́sẹ̀.
“Kí lo rí?”
“N kò rí nǹkan.”
“Ó dáa. Èmi náà ò rí i.”

Lọ́dún tó kọjá, dókítà gbé àwòrán egungun mi síwájú iná,
ó bi mí bóyá mo ti ya irú rẹ̀ rí.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan, lórí omi.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò béèrè ibi tí mo ti yà á.

Ìyá mi kú láì mọ̀ pé mo jáde.
Ó rò pé oorun ló gbé mi lọ lọ́jọ́ náà,
nítorí náà, títí ó fi dàgbà, ó máa ń parí eré náà fún mi,
a ó jókòó, a ó máa la àgbọn,
yóò ní, “Ibi tí o ti sùn lọ,
eku ti wọ inú ihò rẹ̀.”